Wákàtí Mẹ́ta Láti Dùbáì sí Jídà

Nígbà tí ìròyìn dé sí Bantè pé orúkọ Fatoumata ti wọ ìwé àwọn tí yóò lọ sí Mẹ́kà lọ́dún 1996, Boukari ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín débi pé àwọn aládùúgbò jáde wá wò ó. Kì í ṣe ẹni tí ń rẹ́rìn-ín báyẹn. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilé gidi kan ní Bantè tí kò tíì gun òrùlé rẹ̀ rí. Bó ti ń wọn pákó náà ló ń wọn ọ̀rọ̀. Bó bá ti gé e, ó gé e náà nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè lẹ̀ ẹ́ padà. Bilkissou, ọmọ wọn obìnrin tó ń ta aṣọ ní Kútọnú, ló gbé ìrìn àjò ìyá rẹ̀ sọ́rùn. Ọpẹ́ nìkan ló kù fún Boukari láti dá, ó sì ń dá a tọkàntọkàn.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, Alájì Gafarou, tó ti lọ sí Mẹ́kà lẹ́ẹ̀mejì, wá kọ́ àwọn obìnrin tó ń múra ìrìn àjò náà ní ohun tí wọn yóò ṣe. Abẹ́ igi máńgòrò tó wà ní àgbàlá Boukari ni wọ́n jókòó sí. Boukari fúnra rẹ̀ wà lẹ́yìn ògiri, lábẹ́ àtíbàbà tó ti ń ṣiṣẹ́, ó ń fi ayùn rẹ́ pákó ilẹ̀kùn.

“Bí ẹ bá gbéra ní Kútọnú,” Alájì ń ṣàlàyé, “Jídà ni bàálù yóò bà sí. Ẹ ó rí àgọ́ funfun ńláńlá ní pápákọ̀ òfuurufú ibẹ̀. Ẹ má ya ara yín o. Ẹni tó bá sọnù nínú èrò yẹn, wíwá rẹ̀ kì í ṣe eré.”

Boukari gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀. Ó rọ̀, bí ẹni tó ti ń gbé ìbéèrè náà kiri láti ọjọ́ mélòó kan.

“Alájì, ẹ jọ̀ọ́, Jídà yẹn, ṣé ó jìnnà sí Dùbáì?”

“Dùbáì kẹ̀? Ẹ ò tíì dé Mẹ́kà, ẹ ti ń ronú ọjà!”

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Fatoumata náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, “Mo kàn béèrè ni,” wọ́n sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Lẹ́yìn ògiri, ayùn dúró sínú pákó. Boukari mọ ẹni tó wà ní Dùbáì. Gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí ẹnikẹ́ni ti dárúkọ rẹ̀ sí etí Boukari kẹ́yìn.

Affis ni, àkọ́bí rẹ̀. Nígbà tí Affis wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlélógún, Boukari àti Tairou, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ìgbà èwe tó ń dáko iṣu ní Koko, fẹnu kò pé Affis ni yóò fẹ́ Hanane ọmọ Tairou. Wọ́n dájọ́, wọ́n pe èèyàn. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n so yìgì, Affis jáde nílé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kò sì padà. Boukari ló lọ sí Koko, òun ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú Tairou lójú gbogbo mọ̀lẹ́bí rẹ̀, tó sọ pé ọmọ òun ti sá. Ìtìjú ọjọ́ náà wọ̀ ọ́ lára bí ẹ̀gún. Bó ti dé ilé, ó ní kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ ọmọ náà létí òun mọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì kọ̀wé sí i láti inú ilé òun. Ìyàwó rẹ̀, tó ti ń pè ní Ìyá Affis láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, di Ìyá Bilkissou lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ní ọdún kẹta ni lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Boukari kò rí i kí ẹnikẹ́ni kà wọ́n, ṣùgbọ́n nígbà kan tó ń tún ìdérí àpótí Fatoumata ṣe, ó rí àpòòwé tí òǹtẹ̀ ilẹ̀ àjèjì wà lára wọn, wọ́n fi ọ̀já aṣọ dì wọ́n. Ó pa ìdérí náà dé, ó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó mọ̀ pé Fatoumata ń gbà wọ́n. Ó sì mọ̀ pé kò fèsì sí ẹyọ kan nínú wọn rí, nítorí pé òun ọkọ rẹ̀ ti sọ̀rọ̀. Tẹ́lẹ̀ rí, ìgbọràn yẹn máa ń fi í lọ́kàn balẹ̀. Ní ọjọ́ yìí, nígbà tó gbọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ń bi àlejò léèrè ohun tí kò lè bi òun, ó di nǹkan tó ń fún un láyà. Ó yọ ayùn kúrò, ó jókòó sórí pákó, kò sì ṣe iṣẹ́ kankan mọ́ títí wọ́n fi pe ìrun alásárì.

Ní ọjọ́ kẹta, iṣẹ́ gbé e lọ sí Koko. Ilẹ̀kùn ilé Tairou ti bàjẹ́, òun ló sì ń tún un ṣe. Láti ọdún wọ̀nyí, ọ̀rẹ́ náà kò já, ṣùgbọ́n ó ti dà bí ilẹ̀kùn tó há: wọ́n ń kí ara wọn, wọ́n ń bá ara wọn ṣiṣẹ́, kò sì sí èyí tó ṣí inú fún èkejì. Hanane wà nílé bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ti lọ́kọ ní Gouka, ọmọ mẹ́ta ló sì tẹ̀ lé e wá. Òun ló gbé iyán àti omi wá fún Boukari. Ó kúnlẹ̀ kí i, ṣùgbọ́n dípò kó dìde kó lọ, ó dúró lórí ìkúnlẹ̀.

“Bàbá, ẹ má bínú sí mi o. Affis ńkọ́? Ṣé àlàáfíà ló wà?”

Boukari wò ó lójú bóyá ẹ̀gàn wà níbẹ̀. Kò rí nǹkankan bí ẹ̀gàn.

“Ìwọ ló ń béèrè rẹ̀?”

“Bí èmi ò bá béèrè, ta ni kó béèrè?” Hanane rẹ orí sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ ìborí rẹ̀. “Bàbá, mo ti fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún yín, ẹ̀rù ló ń bà mí. Ọjọ́ tí wọ́n ní ó ti lọ, mo sunkún lójú èèyàn. Nígbà tí mo wọ yàrá tí mo ti ilẹ̀kùn, mo jó. Èmi náà ní ẹni tí mo fẹ́, òun ni bàbá àwọn ọmọ wọ̀nyí. Èmi àti Affis kò fẹ́ ara wa. Ẹ̀yin àti bàbá mi lẹ fẹ́ra yín.”

Láti inú ilé, Tairou, tó ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, rín ẹ̀rín kan tí Boukari kò gbọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó jáde wá, ó jókòó tì í.

“Ó ti sọ ọ́ fún mi láti ọdún kejì ìgbéyàwó rẹ̀,” Tairou wí. “Ọ̀rọ̀ yẹn ti kúrò lára mi, Boukari. Ìwọ lò ń gbé e kiri. Mo rò pé ó wù ọ́ bẹ́ẹ̀ ni.”

Boukari jẹ iyán náà tán, ó kan ilẹ̀kùn náà, ó ṣí i, ó pa á dé, ó tún ṣí i. Lórí zémíjàn, alùpùpù akérò tó gbé e padà sí Bantè, pẹ̀lú ekuru ọ̀nà tó ń wọ̀ ọ́ lójú, kò rí nǹkankan rò ju ìyàwó rẹ̀ tó ń bi Alájì ní ìbéèrè lọ, tí àwọn obìnrin sì ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì ó ní òun fẹ́ ra ìṣó ní Savalou. Òótọ́ ni pé ìṣó ti tán, ṣùgbọ́n ìṣó wà ní Bantè pẹ̀lú. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ mọ́jú, ọ̀nà sì ti di ẹrẹ̀. Aago mẹ́fà ni tàsí gbéra. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sọ gbogbo èrò kalẹ̀ láti tì í. Aago mẹ́sàn-án ti kọjá nígbà tí Boukari bọ́ sílẹ̀ ní Savalou pẹ̀lú ẹrẹ̀ títí dé orúnkún. Kò yà sí ọjà. Ilé ẹ̀kọ́ girama ló lọ tààrà, ó jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì kan títí agogo fi lù.

Màdáàmù Thècle ló ń wá. Ọmọ Bantè ni obìnrin náà, àwọn ará ilé rẹ̀ jẹ́ onígbàgbọ́, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé. Boukari ló ṣe pẹpẹ tí ó to ìwé sí. Inú obìnrin náà dùn láti gbọ́ èdè ilé láàrin ìlú tí èdè Mahi ti gba gbogbo ìta kan.

“Bàbá! Ṣé kò sí o? Ẹ wo ẹsẹ̀ yín!”

“Kò sí, Màdáàmù. Ìṣó ni mo wá rà.” Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ. “Mo ní kí n bi yín ní nǹkan kan. Ìlú méjì wà. Ọ̀kan ń jẹ́ Jídà, èkejì ń jẹ́ Dùbáì. Báwo ni wọ́n ṣe jìnnà síra tó?”

Thècle wò ó, kò bi í ní ìdí. Ó mú un wọ kíláàsì tó ti ṣófo, ó tẹ́ àwòrán ayé ńlá kan sórí tábìlì. Boukari kò rí irú rẹ̀ ní ìtòsí rí. Ó tẹjú mọ́ àwọn àwọ̀ rẹ̀ bó ṣe máa ń tẹjú mọ́ ojú pákó tí kò mọ irú igi tó jẹ́.

“Àwa nìyí,” ni Thècle wí, ó fi ìka kan ibì kan tó kéré ju ìṣó lọ. “Apá ayé tí wọ́n ń pè ní Éṣíà nìyí. Jídà wà níbí, létí Òkun Pupa. Dùbáì wà ní apá kejì lọ́hùn-ún, létí òkun mìíràn. Ilẹ̀ aṣálẹ̀ ló wà láàrin wọn.”

Ó gbé ọ̀pá ìdíwọ̀n lé e láti ìlú kan dé èkejì, ó ṣírò sórí bébà. Nípa ọ̀rọ̀ wíwọ̀n, Boukari kì í gba ti ẹlòmíràn gbọ́. Ó tẹ̀ síwájú, ó wo bí ọ̀pá náà ṣe jókòó, ó tún orí rẹ̀ kan ṣe díẹ̀ kó lè bá ojú àmì mu.

“Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀sán kìlómítà,” ni Thècle wí. “Ó lè dín díẹ̀, ó lè lé díẹ̀. Ìyẹn ni bí ẹyẹ bá fò tààrà.”

“Bíi níbo síbo?”

“Bí ẹ bá lọ láti Bantè sí Kútọnú lẹ́ẹ̀mẹ́fà.”

Èjìká Boukari wálẹ̀. Ó ti lọ sí Kútọnú rí. Ìrìn àjò ọjọ́ kan gbáko ni, ẹ̀yìn rẹ̀ sì dùn ún fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìlọ́po mẹ́fà! Lójú inú rẹ̀, ó rí ìyá arúgbó kan ní etí òkun pupa, ó rí ọmọ kan ní etí òkun mìíràn, iyanrìn sì kún àárín wọn.

“Ṣùgbọ́n Bàbá, bàálù kì í rìn bíi tàsí Savalou,” Thècle sọ ọ́ wẹ́rẹ́. “Ó lè rin ẹgbẹ̀rin kìlómítà ní wákàtí kan. Tí a bá ka gbígbéra àti bíbà rẹ̀ mọ́ ọn, kò ní ju bíi wákàtí mẹ́ta lọ.”

“Wákàtí mélòó?”

“Mẹ́ta.”

“Mẹ́ta?” Boukari wo ẹrẹ̀ tó ti ń gbẹ lára ẹsẹ̀ rẹ̀. “Wákàtí mẹ́ta ni mo fi wá síhìn-ín láàárọ̀ yìí.”

“Ẹ̀n-ẹ́n, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ohun tó tún wà níbẹ̀ ni pé aago wọn kò dọ́gba. Oòrùn máa ń kọ́kọ́ là ní Dùbáì. Bí bàálù bá gbéra níbẹ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀, aago Jídà á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa lu mẹ́wàá nígbà tó bá bà.”

“Wákàtí kan yẹn ńkọ́? Ṣé ó sọnù ni?”

“Kò sọnù. Wọ́n jèrè rẹ̀ ni.”

Boukari jókòó sórí àga tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń jókòó sí. Orúnkún rẹ̀ ga ju tábìlì lọ.

“Èèyàn lè jẹ oúnjẹ àárọ̀ ní Dùbáì, kó sì jẹ ọ̀sán lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Jídà.”

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ náà yé Thècle. Ọmọ Bantè ni, ó ti gbọ́ ìtàn Affis. Ó ká àwòrán náà díẹ̀díẹ̀.

“Bàbá, ohun tí ọ̀pá yìí ń wọ̀n, ilẹ̀ nìkan ni. Ìwé àṣẹ ń bẹ níbẹ̀, ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ̀ ń bẹ níbẹ̀, ọjọ́ sì ti súnmọ́. Lẹ́tà kò ní bá a mọ́. Fóònù ni kí ẹ lò.”

Nígbà tí Boukari dé ilé lọ́sàn-án, Fatoumata ń ṣa ẹ̀wà lábẹ́ igi máńgòrò. Ọkọ rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà.

“Ìyá Affis.”

Obìnrin náà ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ, ó rò pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè lójúde.

“Ìyá Affis, ìwọ ni mò ń bá wí.”

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó gbé ojú sókè. Boukari wá jókòó sórí àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohun tí kì í ṣe lọ́sàn-án gangan.

“Bá mi gbé àwọn lẹ́tà náà wá.”

Ó wọlé, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó ti gbá ìdì lẹ́tà náà mọ́ àyà. “Bí ẹ bá fẹ́ sun wọ́n,” ó ní, “ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún kà wọ́n sí mi létí lẹ́ẹ̀kan sí i.”

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Boukari ju gbogbo ohun tí Hanane sọ lọ. “Ta ló fẹ́ sun nǹkan?” ó ní. “Nọ́ńbà fóònù rẹ̀ ni mò ń wá. Èwo ló kọ ọ́ sí nínú wọn?”

“Ẹ ò ní láti wá a nínú wọn. Mo mọ̀ ọ́n lórí.”

Fatoumata kò mọ ìwé kà. Ọmọbìnrin aládùúgbò tó ń ka lẹ́tà fún un ló bẹ̀ pé kó kọ́ òun ní nọ́ńbà náà lédè Faransé, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, nítorí ẹ̀rù ń bà á pé òjò tàbí ikán lè ba bébà náà jẹ́. Lẹ́yìn ìrun àsùbá, láràárọ̀, ló máa ń kà á sínú. Ọdún márùn-ún ló ti ń kà á. Kò fi ọwọ́ kan fóònù rí.

Boukari gbọ́ èyí, ó sì tẹ orí ba. “Dárí jì mí,” ó ní. Nínú ọdún márùndínlógójì tí wọ́n ti jọ wà, kò sọ gbólóhùn yẹn fún un rí. Fatoumata gbá igbá ẹ̀wà rẹ̀ mú, ó ń sunkún sínú rẹ̀ láìpariwo.

Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Savalou lọ́jọ́ kejì. Fatoumata ka nọ́ńbà náà fún obìnrin tó jókòó sẹ́yìn tábìlì bí ẹni tí ń ka sùúrà, kò sì ṣi ẹyọ kan. Wọ́n há ara wọn mọ́ inú yàrá fóònù kékeré onígíláàsì. Ẹnì kan gbé fóònù lọ́hùn-ún, ó ń sọ èdè tí kò yé wọn. Boukari kí i ní ìkíni mùsùlùmí, ọkùnrin náà dá a lóhùn, ó sì tún sọ ọ̀rọ̀ gígùn kan. Kò sí ọ̀rọ̀ tí àwọn méjèèjì jọ mọ̀, àfi ẹyọ kan.

“Affis!” ni Boukari pariwo. “Affis! Affis!”

Gbogbo ilé ìfìwéránṣẹ́ gbọ́. Àwọn tó tò sórí ìlà yíjú padà. Àwọn akọ̀wé yọrí láti yàrá wọn. Ọkùnrin tó ti fi ọdún mẹ́sàn-án ka orúkọ náà léèwọ̀ ló ń ké e báyìí bí ẹni tó ń pe ọmọ wálé kí òjò tó dé.

Fóònù dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ohùn ọkùnrin kan wá, ó ń mí bí ẹni tó sáré.

“Ta ni?”

Gbogbo ohun tí Boukari ti tò láti Bantè fọ́nká. “Èmi ni,” ó ní.

“Bàbá?”

“Èmi ni. Ìyá rẹ kò kú, èmi náà kò kú. Má fòyà. Ìyá rẹ ń lọ sí Mẹ́kà. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹrin ni wọn yóò bà sí Jídà. Wọ́n ní láti ọ̀dọ̀ rẹ dé ibẹ̀ kò ju wákàtí mẹ́ta lọ.”

“Mo mọ̀, Bàbá.”

“O mọ̀?”

“Ọkùnrin kan ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bàálù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo ti ń di ẹrù. Gbogbo àkókò tí bàálù Jídà ń gbéra ni mo mọ̀. Ọ̀nà ilé ni. Ọ̀nà kọ́ ló jìn, Bàbá. Ẹnu yín ni mò ń retí.”

Boukari fi iwájú orí ti gíláàsì. “Mo ti la ẹnu náà,” ó ní. “Lọ pàdé ìyá rẹ. Bí ọ̀gá rẹ bá bi ọ́ léèrè ẹni tó rán ọ, sọ fún un pé bàbá rẹ ni.”

Ó gbé fóònù fún Fatoumata. Obìnrin náà kò lè sọ ju, “Ọmọ mi, ṣé ò ń jẹun?” lọ kí ìlà tó já.

Ọjọ́ ìrìn àjò pé, Fatoumata lọ. Kò sí fóònù ní ilé Boukari, kò sì sí ẹni tó mọ̀ bóyá ọ̀gá Affis yọ̀ǹda rẹ̀. Boukari kan òrùlé méjì láàárín àkókò náà, ó gbé ọbẹ̀ kaná lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọbẹ̀ jóná lẹ́ẹ̀mẹ́ta, títí àwọn aládùúgbò fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ wá fún un. Nígbà tí ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì bá sọ̀rọ̀ nípa ọ̀pọ̀ èrò tó pé sí Mẹ́kà, á pa á, á tún ṣí i.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù karùn-ún, wọ́n lọ pàdé àwọn Alájà ní Savalou. Fatoumata sọ̀kalẹ̀ nínú aṣọ funfun, ó ti rù, ojú rẹ̀ ń tàn. Boukari kò lè bi í ní ohunkóhun láàrin àwọn tó ń kọrin. Ní ilé náà, èrò kò yẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìgbà tí wọ́n kírun àsùbá tán lọ́jọ́ kejì ni àwọn méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ dá wà.

“Ó wá?” ni Boukari béèrè.

“Ó wá.”

Ó wá ní tòótọ́. Ọ̀gá rẹ̀ yọ̀ǹda rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó gbéra kẹ́yìn. Wákàtí mẹ́ta gan-an ni bàálù rẹ̀ fi dé Jídà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn, ọjọ́ méjìlá ni òun àti ìyá rẹ̀ fi wà nínú ìlú Mẹ́kà kan náà tí wọn kò rí ara wọn. Gbogbo ibùwọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú ni Affis dé. Fatoumata náà ń wo ojú gbogbo ọkùnrin gíga tó bá kọjá, títí ọrùn fi ń dùn ún. Ó ti gbà fún Ọlọ́run. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ padà wálé, bàálù wọn pẹ́, wọ́n ní kí wọ́n dúró lábẹ́ àwọn àgọ́ funfun tó wà ní pápákọ̀. Ó jókòó lórí ẹrù rẹ̀.

“Mo gbọ́ tí ẹnì kan pe ‘Màmá’ ní èdè wa. Mi ò kọ́kọ́ gbé ojú sókè. Mo rò pé àárẹ̀ ló ń pè mí. Ó ti ń lọ láti àgọ́ dé àgọ́ láti ìdájí. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì gbígbóná yẹn. Mo fọwọ́ kan orí rẹ̀. Bàbá Affis, ọmọ wa ti ń hewú.”

“Kí ló sọ fún ọ?”

“Ó ní òun kò tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ márùn-ún, kí òun sinmi díẹ̀. Ó gbé orí lé itan mi, ó sùn.”

“Ó sùn?”

“Títí di alásárì.”

“Ọdún mẹ́sàn-án! O sì jẹ́ kó sùn?”

“Ṣé kí n jí i ni?” ni Fatoumata wí. “Gbogbo ohun tí mo ti fẹ́ bi í ti kúrò lọ́kàn mi. Mo fi ìborí mi ṣíji bò ó lójú. Ẹsẹ̀ mi kú, mi ò mi ẹsẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ń pe orúkọ wa ni mo tó jí i. Ó ní òun ń bọ̀ wálé nígbà ọyẹ́. Ó ní ohùn yín ti yàtọ̀ lórí fóònù, ó bi mí bóyá ara yín le. Mo ní kó wá wò ó fúnra rẹ̀.”

Boukari ní kó tún un sọ, láti ibi tó ti gbọ́ ‘Màmá.’ Fatoumata tún un sọ.

Affis dé nígbà ọyẹ́ lóòótọ́. Ó lo ogójì ọjọ́ ní Bantè. Ó bá bàbá rẹ̀ gun òrùlé kan, wọ́n jọ lọ kí Tairou ní Koko, ó sùn ní yàrá rẹ̀ àtijọ́. Kò sí àsọyé gígùn láàrin bàbá àti ọmọ, ẹnì kan nínú wọn kò sì wá a.

Ọjọ́ tó ń padà, Boukari sìn ín dé ibùdókọ̀ Savalou. Tàsí tó ń lọ sí Kútọnú kò tíì kún. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà, àwọn méjèèjì ń wo ọkọ̀ náà, wọ́n sì fẹ́ kó pẹ́ kó tó kún. Èèyàn méjì wọlé. Obìnrin kan àti ọmọ rẹ̀ wọlé. Awakọ̀ gbé ẹrù Affis sókè, ó dì í mọ́lẹ̀. Affis dọ̀bálẹ̀, Boukari súre fún un, ó wọ ọkọ̀.

“Ó ku ẹnì kan!” ni awakọ̀ ń kígbe. “Ẹnì kan péré, ká gbéra!”

Boukari gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára aṣọ rẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sì jókòó ti ọmọ rẹ̀.

“Bàbá, níbo lẹ ń lọ?”

“Mo ń sìn ọ́ dé Bohicon, lágbedeméjì ọ̀nà,” ni Boukari wí. “Sún díẹ̀.”